Yúnúsà Alápatà àti Lẹ́tà Ọ̀gá Rẹ̀

Ní odò ẹran tó wà lẹ́yìn Sábó, ní Ṣàgámù, kò sí alápatà tó mọ ọwọ́ ọ̀bẹ bí Yúnúsà. Àwọn mìíràn a máa bá màlúù jà, wọn a máa là á ní kóńdó, wọn a máa fà á nírù, títí ẹran náà yóò fi mọ̀ pé ikú ló dé. Yúnúsà ní tirẹ̀ a di ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, a bì í lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ní “Bìsìmílà,” ọ̀bẹ a sì ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò bó awọ, tí yóò kun ẹran, tí yóò yọ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ẹran fàya. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Méjìlélógún nínú ọdún náà ló ti lò nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù.

Oníṣòwò obì ni bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sí òkè Ọya ló gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀, òkú rẹ̀ kò sì ṣe é wò nígbà tí wọ́n gbé e délé. Ìyá rẹ̀, Kàdíjátù, fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí Ijoku, sọ́dọ̀ Alájì Ìdírísù, àgbà alápatà. Ó ní, “Alájì, ẹ gbà á. Bí ó bá ń sunkún, ẹ má ránṣẹ́ pè mí. Bí ó bá mọṣẹ́, ẹ pè mí.” Bí Yúnúsà ṣe di ọmọ ilé Alájì nìyẹn. Ẹgbẹ́ ni òun àti Akóredé, ọmọ tí Alájì bí. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ní ọdún kejì, akọ màlúù kan já okùn. Ó fi ìwo kan ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Owólabí mọ́ ògiri, ó sì ń gún un lọ bí ẹni ń gún iyán. Gbogbo ènìyàn sá. Akóredé gun orí òrùlé ọ́fíìsì dókítà ẹran. Yúnúsà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fò mọ́ màlúù náà lọ́rùn, ó di ìwo rẹ̀ méjèèjì mú, ẹran sì ń gbé e fi lulẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń gbé e fi lulẹ̀ sósì, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí Alájì fi dé pẹ̀lú ọ̀bẹ. Owólabí kú kí oòrùn tó gun orí. Alájì yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní, “Ọmọ tí mo bí gun òrùlé. Ọmọ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ló di ìwo mú.” Alájì rò pé òun ń yin ọmọ kan ni. Kò mọ̀ pé òun ti dá ọgbẹ́ sí èkejì lára, ọgbẹ́ tí kò ní jinná.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn ogún ọdún. Ọmọ Ṣàgámù kan, Akínbọ́lá, tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún, wálé wá sìnkú ìyá rẹ̀. Ó wá fúnra rẹ̀ sí odò ẹran láti mú màlúù. Nígbà tí ó rí Yúnúsà lẹ́nu iṣẹ́, ó gbàgbé màlúù tó wá rà, ó yọ fóònù, ó ń yà á ní fídíò. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ẹran kan ni Akínbọ́lá ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ń pa ẹran ní ìlànà Mùsùlùmí, tí kò sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n pa tó sì tún mọ̀ ọ́n kun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé: àwọn fẹ́ gba Yúnúsà, àwọn fúnra wọn ni yóò sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Amẹ́ríkà lórúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó wá bí oníṣẹ́ ọwọ́. Kìkì pé lọ́yà wọn yóò béèrè àwọn ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Yúnúsà ka ìwé dé ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì lọ́yà kọjá agbára rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Àjọkẹ́, tó jẹ́ aránṣọ, ló mú un lọ bá oníbàárà rẹ̀ kan, Ellen Lánípẹ̀kun, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì ìjọ kan ní ẹ̀bá Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ Ìjọ Ọjọ́ Keje ni obìnrin yìí. Kì í jẹ ẹran rárá, kì í sì í fọwọ́ kan bébà lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló jókòó tì wọ́n, tó ka ìwé lọ́yà láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Moyọ̀sọ́lá, ìwé mẹ́rin ni wọ́n ń fẹ́. Mẹ́ta rọrùn. Ẹ̀kẹrin ni òpó gbogbo rẹ̀: lẹ́tà láti ọwọ́ ọ̀gá tí ẹ bá ṣiṣẹ́. Kí ó sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, wákàtí mélòó lójúmọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i. Láìsí i, ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ò ní ẹsẹ̀.”

Yúnúsà ní, “Alájì ò ní kọ̀.”

“Ó dáa. Lọ́yà tún ní kí n kìlọ̀ fún yín. Bó bá yá, wọ́n á béèrè ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé ẹ ò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn. Ẹ má jà. Ẹni tó bá gbá yín létí, ẹ yí èkejì sí i.”

Yúnúsà rẹ́rìn-ín. “Mùsùlùmí ni mí, mà.”

“Títí físà yóò fi dé,” ni Ellen wí, òun kò rẹ́rìn-ín.

Alájì Ìdírísù gbà lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ Akóredé gbọ́, ó lọ bá bàbá rẹ̀ nínú yàrá. Ó ní òun náà mọ ọ̀bẹ dì mú, kí Alájì fi orúkọ òun sínú lẹ́tà náà, ta ni yóò mọ̀ ní Amẹ́ríkà? Bàbá rẹ̀ ní, “Èmi yóò mọ̀.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Akóredé jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá Yúnúsà kiri.

Ìdí àwọn abà obì ní Sábó ló ti bá a, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì.  Ó fi orí kan Yúnúsà nímú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Yúnúsà gbé ọwọ́ sókè, lẹ́yìn náà ló rántí. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó di ìgbànú ara rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lù ú. Wọ́n fi ìkúùkù gbá a nínú, wọ́n tì í ṣubú sínú obì tí àwọn obìnrin ń ṣà, wọ́n ń ta á nípàá ní ìhà bí ẹni ń ta àpò ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin náà ń pariwo, “Bá a jà! Ṣé o ò ní ọwọ́ ni?” Yúnúsà ń gbọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn bí ẹni pé iná ń jó o, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ ìgbànú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá eyín iwájú rẹ̀ kan láàárín obì, kò rí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Akóredé da kẹrosíìnì sórí ẹran tí Yúnúsà tẹ́ sórí tábìlì láti tà. Yúnúsà nu tábìlì. Àwọn alápatà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀sín pé ọkùnrin tó ń pa màlúù, èèrà ló wá ń bẹ̀rù.  Àmọ́ ohun tí kò fi ẹnu sọ ń jáde láti ibòmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti máa ń rọ̀ lára ẹran wá di líle. Ó ń fi àáké gé eegun tí ó yẹ kí ó fi ọ̀bẹ yọ. Ní ọjọ́ kan, ó délé, Àjọkẹ́ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì gbé abọ́ náà là mọ́ ògiri. Moyọ̀sọ́lá, ọmọ wọn obìnrin, sá sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Àfọ́kù abọ́ kan ti ya Àjọkẹ́ lápá.

Àjọkẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé èmi lo fẹ́ fi dípò Akóredé, sọ ọ́ kí n gbọ́.”

 Yúnúsà kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà á ju ẹ̀rù Akóredé lọ.

Ellen lọ jókòó lọ́dọ̀ Alájì fún ọ̀sán méjì. Bàbá náà ń fi èdè Rẹ́mọ ògidì rò ó, Ellen ń kọ ọ́: ọdún tí Yúnúsà bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ó gba òmìnira, iye màlúù tó ń pa lọ́sẹ̀, bí ó ṣe ń bó awọ, bí ó ṣe ń yọ eegun. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó kà á fún un, Alájì tún un ṣe níbi mẹ́ta. Wọ́n fi àdéhùn sí àárọ̀ Ọjọ́rú, pé kí Alájì fọwọ́ sí i lójú dókítà ẹran, nítorí lọ́yà ń fẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, màlúù méjì ti wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ń ṣàn lọ nínú gọ́tà. Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bíírò lọ́wọ́ dókítà ẹran ni Akóredé wọlé. Ó já lẹ́tà náà gbà, ó fà á ya sí méjì, ó tún fà á ya sí mẹ́rin, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà. Yúnúsà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ó mọ̀ pé kò wúlò mọ́, pé Ellen lè tẹ òmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ òsì ti na sí bébà náà. Akóredé mú àáké tó wà lórí ìtì igi, ó sì gbé e wálẹ̀.

Kò dùn ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó rí ìka méjì lórí sìmẹ́ǹtì, ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì rò pé ti ẹlòmíràn ni. Ìgbà tí Akóredé tún gbé àáké sókè ni nǹkan já nínú Yúnúsà. Kò rántí ìwé, kò rántí ọlọ́pàá, kò rántí Amẹ́ríkà. Ó fi orí wọ Akóredé nínú, àáké fò lọ. Ó fẹsẹ̀ gbá a lórúnkún, ó fi èjìká bì í, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń bi màlúù, ó sì gbé orúnkún lé e láyà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti di ìdajì gbá Akóredé ní àgbọ̀n mú, ó fà á sẹ́yìn, ọrùn yọ síta. Ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ ń ṣàn sí Akóredé lójú, sínú ihò imú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti yọ ọ̀bẹ nínú ìgbànú. Àwọn ènìyàn dúró bí igi. Alájì ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Yúnúsà gbé ojú ọ̀bẹ lé ọ̀nà ọ̀fun náà. Ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí ó ti ń sọ ọ́ láràárọ̀ fún ọdún méjìlélógún:

“Bìsìmílà.”

Etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó wo abẹ́ ọ̀bẹ, ó rí i pé ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ojú Akóredé là sílẹ̀ rangandan, ìtọ̀ ti rin ṣòkòtò rẹ̀. Yúnúsà gbé ọ̀bẹ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì yí kúrò lórí rẹ̀, ó ń bì.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìka rẹ̀ nínú ọ̀rá omi dídì. Dókítà ṣe ohun tó lè ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Àwọn ọlọ́pàá mú Akóredé ní Akaka, níbi tó sá lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ àna rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Alájì Ìdírísù wá sí ẹsẹ̀ ibùsùn Yúnúsà. Ó ti gbó sí i láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ó yọ bébà kan nínú àpò agbádá rẹ̀. Ellen ti tẹ lẹ́tà náà lọ́tun, Alájì sì ti fọwọ́ sí i.

Ó ní, “Lẹ́tà rẹ rèé. Ohun tí mo ń bẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Sọ fún wọn ní tẹ́ṣàn pé eré lẹ jọ ń ṣe, pé àáké ló yọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, Yúnúsà.”

Yúnúsà wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. “Bí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀ ń kọ́, sà? Ṣé ẹ óò mú lẹ́tà yẹn lọ?”

Bàbá náà kò gbé ojú sókè. “Màá mú un lọ.”

“Ẹ mú un lọ, sà.”

Nígbà tí Alájì jáde tán, Àjọkẹ́ tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bú sẹ́kún. Ó ní, “Ìka ti lọ, o tún jẹ́ kí ìwé lọ. Kí ló wá kù fún wa?”

Yúnúsà ní, “Ìka méjì ló gbà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá pa irọ́ yìí, ó ti gba ẹnu mi náà.”

Ní tẹ́ṣàn, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí ó dé ibi tí òun ti gbé ọ̀bẹ lé Akóredé lọ́rùn, ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ dáwọ́ dúró. Ó ní, “Ṣé kí n kọ ìyẹn náà? Ó lè di ọ̀ràn sí ọ lọ́rùn.”

“Ẹ kọ ọ́. Mo ṣe é.”

Ó sùn dé àárọ̀ lórí bẹ́ńṣì kí ọ̀gá wọn tó ka ìwé náà. Àwọn ènìyàn mẹ́jọ ti jẹ́rìí pé àáké ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kan Yúnúsà. Wọ́n gbé Akóredé lọ sílé ẹjọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Alájì yọ sí wọn nílé lọ́sàn-án. Kò jókòó. Ó gbé lẹ́tà náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ Àjọkẹ́, ó ní, “Òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí n gbé e jáde láti fi ṣe pàṣípààrọ̀.” Àjọkẹ́ bu omi fún un, ó mu ún lórí ìdúró, ó lọ.

Ellen fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́, ó sì kọ̀wé sí lọ́yà pé Yúnúsà ti pàdánù ìka méjì, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tí Yúnúsà náà ṣe. Àjọkẹ́ ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má kọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ sí i. Ellen ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdajì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí èsì tó dé: ilé iṣẹ́ náà ń fẹ́ fídíò tuntun. Kí ó pa màlúù kan, kí ó kun ún tán, kí kámẹ́rà má sì kúrò lára ọwọ́ rẹ̀.

Ọgbẹ́ náà kò tíì jinná dáadáa. Ní ọjọ́ fídíò, ọwọ́ òsì kò lè di àgbọ̀n ẹran mú. Ìgbà méjì ni màlúù já mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà kejì ó fi pátákò ta á nítan, Yúnúsà ṣubú sínú ẹrẹ̀, báńdéèjì sì pọ́n. Àwọn alápatà tó kù ń wò, kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ ọ̀ràn náà. Alájì Ìdírísù ló dìde níbi tó jókòó sí. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbá orí màlúù náà mọ́ra, ó sì fa àgbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, “Mo ti dì í mú.”

Yúnúsà pa á. Ó bó o, ó kun ún, ó yọ eegun rẹ̀ tán pẹ̀lú ìka mẹ́jọ. Ó pẹ́ ju bó ti máa ń pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹran kò fàya. Alájì ti lọ fọ ọwọ́ kí ó tó parí.

Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà lóṣù Kẹwàá. Kì í ṣe físà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí ó dúró de ọjọ́ tí wọn yóò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì lè tó ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣì ń lọ sí odò ẹran láràárọ̀. Adájọ́ ti sọ Akóredé sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Alájì a máa dáhùn bí Yúnúsà bá kí i, kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn Iléyá, Yúnúsà lọ wo Akóredé lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Kò sọ fún Àjọkẹ́. Akóredé ti rù, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Wọ́n jókòó kojú ara wọn.

Akóredé ní, “Nígbà tí o gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́rùn, ṣé torí ìwé Amẹ́ríkà ni o kò ṣe fà á?”

“Rárá. Mi ò rántí ìwé kankan. Mo fẹ́ fà á.”

“Mo mọ̀,” ni Akóredé wí. “Mo rí ojú rẹ.”

Wọ́dà ní àsìkò ti tó. Yúnúsà gbé ọṣẹ àti ṣúgà tó rà wá kalẹ̀ lórí tábìlì, ó bọ́ síta sínú oòrùn, ó wọ ọkọ̀ padà sí Ṣàgámù.